Orí Karùn-ún: Ìtọ́jú Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Nínú Ọgbà Ilé

Èròǹgbà orí yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè ṣàlàyé iṣẹ́ tí ọ́ìlì, omi àti afẹ́fẹ́ ń ṣe nínú ẹ́ńjìnnì, kí ó lè yẹ ọ́ìlì àti omi wò láìfi ara rẹ̀ sínú ewu, kí ó lè pààrọ̀ ọ́ìlì, fílítà àti pílọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀, kí ó sì mọ ibi tí iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ parí sí, tí ti mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí a fi ṣe àpẹẹrẹ ni 1ZZ-FE oní-lítà 1.8 tó wà nínú Toyota Corolla ọdún 2003 sí 2008, nítorí pé ó wọ́pọ̀ láàrin ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní Nàìjíríà, tí ohun tí a bá kọ́ lára rẹ̀ sì bá púpọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì mìíràn tó ń lo pẹtiróòlù mu.

1. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ́ńjìnnì oní-pẹtiróòlù inú ọkọ̀ òde òní jẹ́ irú èyí tí Nikolaus Otto ṣe ní Jámánì ní ọdún 1876, tí Karl Benz sì gbé irú rẹ̀ sórí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní ọdún 1886. Sílíńdà ni ihò gbọọrọ inú rẹ̀, písítọ̀nù sì ni irin tó ń lọ sókè sódò nínú ihò náà ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin: yóò sọ̀ kalẹ̀ láti fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, yóò gòkè láti fún wọn pọ̀, pílọ́ọ̀gì yóò ṣáná sí wọn kí agbára iná náà lè tì í wálẹ̀, yóò sì tún gòkè láti lé èéfín jáde gba inú sáílẹ́ńsà. Kíráǹkì ni irin ìsàlẹ̀ tó ń sọ ìlọsókè-sódò yìí di yíyí, èyí tí gíà ń gbé dé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí kíráǹkì bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, písítọ̀nù kọ̀ọ̀kan ń gòkè ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo.

Láti inú àlàyé yìí ni gbogbo ìtọ́jú tó kù ti jáde. Irin ń ha irin, iná ń jó láìdáwọ́ dúró, afẹ́fẹ́ ìta sì ń wọlé pẹ̀lú eruku rẹ̀. Nítorí náà ìgbóná àti ìdọ̀tí ni ó ń pa ẹ́ńjìnnì jù, ọ̀pọ̀ èyí tó sì nọ́ọ̀kì kò nọ́ọ̀kì nítorí pé ó ti gbó, bí kò ṣe pé ẹnikẹ́ni kò ṣí bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò lákòókò.

2. Ìmúrasílẹ̀ àti ààbò

Ohun èlò àkọ́kọ́ kì í ṣe sípánà. Òun ni ìwé ìlò ọkọ̀, èyíinì ni ìwé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, tó sọ irú ọ́ìlì tó yẹ, iye lítà tí ẹ́ńjìnnì ń gbà àti ìgbà tí a ó máa pààrọ̀ rẹ̀ (kì í ṣe ìwé tí ọlọ́pàá ń bèèrè lójú títì). Ọkọ̀ tòkunbọ̀ kì í sábà bá tirẹ̀ wá, ṣùgbọ́n a lè rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí a bá mọ orúkọ ọkọ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Nínú orí yìí, níbikíbi tí ìwé ìlò bá ti yàtọ̀ sí àṣà inú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ti ìwé ni a óò tẹ̀ lé.

Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí búrékì ọwọ́ wà lókè, kí gíà wà ní P bí ó bá jẹ́ ọ́tòmátíìkì tàbí ní gíà kìíní bí ó bá jẹ́ mánúà, kí a sì fi igi dí táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn. Jáákì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè nìkan. Ohun tó ń dá a dúró lókè ni sítáǹdì, irin ẹlẹ́sẹ̀ tó gbòòrò tí a ń tì bọ abẹ́ férémù ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáákì nìkan ni ó gbé e. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kì bọ abẹ́ ọkọ̀ kò yẹ rárá, nítorí pé kì í fúnni ní àmì kankan kí ó tó fọ́: ó lè gbé ọkọ̀ náà fún wákàtí kan, kí ó sì là sí méjì ní kété tí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá fi agbára fa sípánà.

A kò gbọdọ̀ tan ẹ́ńjìnnì nínú gáréèjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì, nítorí pé kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì wà nínú èéfín rẹ̀, gáàsì tí kò ní òórùn tí kò sì ṣeé fojú rí, èyí kan náà tó ń pa àwọn tó bá gbé jẹnẹrétọ̀ sùn sínú ilé.

3. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta pa pọ̀: ó ń wọ àárín irin sí irin kí wọ́n má baà ha ara wọn, ó ń gbé lára ìgbóná kúrò níbi tí omi kò lè dé, ó sì ń kó ẹ̀gbin àti èéfín dúdú lọ sínú fílítà ọ́ìlì, tó ń sẹ́ ẹ. Ọ́ìlì ń sinmi nínú sọ́ọ̀mpù, abọ́ irin tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ sì ni pọ́ǹpù ti ń fà á lọ sókè.

3.1 Yíyẹ ìwọ̀n ọ́ìlì wò

Gééjì ni ọ̀pá irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn ọ́ìlì. Lẹ́yìn tí a bá pa ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná, tí a sì dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ́ìlì òkè lè ṣàn padà sí sọ́ọ̀mpù, a ó fa gééjì yọ, a ó fi àkísà nù ún, a ó tì í padà títí ó fi jókòó dáadáa, a ó wá fà á yọ lẹ́ẹ̀kejì kí a tó kà á. Èyí tí a kọ́kọ́ fà kò ṣeé gbára lé, nítorí pé ọ́ìlì ti ta sí i lára nígbà tí ọkọ̀ ń rìn. Àárín àmì méjì tó wà nísàlẹ̀ gééjì ni ọ́ìlì gbọ́dọ̀ dé, ibi tó sún mọ́ àmì òkè ló sì dára jù. A mọ àwọn 1ZZ-FE ìṣáájú sí ẹ́ńjìnnì tó máa ń jẹ ọ́ìlì, nítorí náà ẹni tó ni ọ̀kan nínú wọn ní láti máa fa gééjì rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kò gbọdọ̀ dúró de iná ọ́ìlì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná pupa yẹn kò sọ pé ọ́ìlì kù díẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé agbára tó ń ti ọ́ìlì kiri ti lọ sílẹ̀, bí a bá sì rí i lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni a ní láti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí a pa ẹ́ńjìnnì.

Ojú ọ́ìlì pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀. Pé ó dúdú kò burú fúnra rẹ̀, nítorí pé ẹ̀gbin tó ń kó ni ó ń sọ ọ́ di dúdú; ṣùgbọ́n bí ó bá funfun bíi tíì tí a bu mílíìkì sí, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn, bí ohun wínníwínní tó ń dán bíi irin bá sì wà nínú rẹ̀, ohun kan nínú ẹ́ńjìnnì ń jẹ.

3.2 Nọ́ńbà ara ike ọ́ìlì

Nọ́ńbà bíi 5W-30 jẹ́ òdiwọ̀n ìnípọn, èyíinì ni bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn kíákíá tàbí díẹ̀díẹ̀. Ti ìṣáájú, tí lẹ́tà W tó dúró fún òtútù tẹ̀ lé, ń sọ bí ó ṣe ń ṣàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Èyí tó kẹ́yìn ń sọ ìnípọn rẹ̀ nígbà tí ó bá gbóná dé 100°C. Lẹ́tà méjì bíi SN tàbí SP ń sọ ipele rẹ̀: S jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì oní-pẹtiróòlù, lẹ́tà kejì sì ń lọ síwájú bí ipele bá ti jẹ́ tuntun sí. SP bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2020.

Ìwé ìlò Corolla tí a fi ṣe àpẹẹrẹ fara mọ́ 5W-30, síbẹ̀ 20W-50 ni ó pọ̀ jù lórí káńtà àwọn tó ń ta ọ́ìlì ní Nàìjíríà, ìdí tí wọ́n sì sábà ń sọ ni pé oòrùn ilẹ̀ wa mú. Àlàyé yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó bí ó ti dùn-ún gbọ́, nítorí pé tàmósítáàtì (ìpín 4) ń mú kí inú ẹ́ńjìnnì wà ní ìwọ̀n ìgbóná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgbọọgba, ìbáà jẹ́ Ìbàdàn, ìbáà jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí ọ́ìlì tó nípọn jù ń ṣe ni pé kì í tètè dé òkè ẹ́ńjìnnì ní òwúrọ̀, ìgbà yẹn gan-an sì ni irin ń ha irin jù. Àwọn ìwé ìlò kan gba ọ́ìlì tó nípọn díẹ̀ láyè fún ilẹ̀ olóoru. Ibi tí wọ́n bá ti gbà á láyè ni a ti lè lò ó.

3.3 Pípààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà

Ìwé ìlò máa ń ya ìlò tó le sọ́tọ̀ kúrò lára ìlò wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìlò tó le ni ìrìn inú eruku, ìrìn kúkúrú tí ẹ́ńjìnnì kì í ti í gbóná tán, àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì kí ọkọ̀ tó rin kìlómítà 10. Ọkọ̀ tó ń ná Ìyànà Ìpájà sí Ìkẹjà lójoojúmọ́ wà nínú ẹ̀ka yìí, kódà bí ẹni tó ni ín bá ń wà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí náà kìlómítà 5,000 ni ó bójú mu kí a fi ṣe gbèdéke rẹ̀.

A ó tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kì í ṣe kí ó gbóná débi tí yóò jó ọwọ́. Lẹ́yìn tí a bá pa á, tí a sì ti gbé ọkọ̀ sórí sítáǹdì, a ó ṣí ìdérí tí a ń gbà da ọ́ìlì sí lókè, a ó gbé bẹ́síìnì tó tóbi sábẹ́ sọ́ọ̀mpù, a ó wá fi sípánà 14 tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì bá ti rọ̀, ìka ni a ó fi tú ìyókù, kí a máa tì í sókè díẹ̀ bí a ti ń yí i, kí ó má baà já bọ́ sínú bẹ́síìnì pẹ̀lú ọ́ìlì. Wáṣà tuntun ni a ó fi dá a padà. A ó fún un kí ó le, ṣùgbọ́n a kò ní fi gbogbo ara fún un, nítorí pé ìlà inú ihò sọ́ọ̀mpù tó bá ti jẹ kì í ṣeé dá padà pẹ̀lú sípánà.

Ní ti fílítà, ohun kan wà tí ó yẹ kí a fi ojú wá. Òrùka rọ́bà ẹnu fílítà àtijọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì nígbà mìíràn. Bí a kò bá yọ ọ́ kúrò, tí a sì ti tuntun mọ́ ọn, rọ́bà méjì yóò gun ara wọn, ọ́ìlì yóò sì tú dà sílẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ tí a bá tan ọkọ̀. Nítorí náà a ó fi ìka nu ẹnu ibẹ̀ yípo kí ó dá wa lójú, a ó fi ọ́ìlì tuntun pa rọ́bà fílítà tuntun lára, a ó wá fi ọwọ́ yí i títí rọ́bà yóò fi kan irin, kí a tó fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyíkà kan kún un. Sípánà kò sí nínú rẹ̀.

Lítà 3.7 sí 4.2 ni ẹ́ńjìnnì yìí ń gbà pẹ̀lú fílítà, gẹ́gẹ́ bí ọdún tí wọ́n ṣe é. Nítorí pé gálọ́ọ̀nù lítà 4 ni wọ́n sábà ń tà, àṣà ti di pé kí a da gbogbo rẹ̀ sí i. Fún ẹ́ńjìnnì tó ń gba 3.7, ìyẹn ti pọ̀ jù: bí ọ́ìlì bá ga dé ibi tí kíráǹkì ń gbà kọjá, kíráǹkì yóò máa lù ú di ìfófòó, ìfófòó kò sì lè la irin kúrò lára irin. Lítà 3.5 ni kí a kọ́kọ́ dà, kí a sọ ọkọ̀ kalẹ̀ láti orí sítáǹdì, kí a fa gééjì, kí a sì máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Lẹ́yìn náà ni a ó tan ẹ́ńjìnnì, tí a ó rí i pé iná ọ́ìlì kú láàrin ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, tí a ó bẹ ìsàlẹ̀ wò bóyá ó ń jò, tí a ó pa á, tí a ó sì tún fa gééjì.

Ọ́ìlì tí a tú jáde ni wọ́n ń pè ní kọ̀ńdẹ́ǹmù. Kò yẹ kí a dà á sí gọ́tà tàbí ẹ̀yìnkùlé, nítorí pé ó ń wọlẹ̀ lọ bá omi kànga. Inú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí ni a ó rọ ọ́ sí, kí a sì kó o fún àwọn tó ń gbà á jọ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ìbọ̀wọ́ ṣe pàtàkì nígbà tí a bá ń fọwọ́ kàn án, nítorí pé àwọn ohun tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ awọ ara wà nínú rẹ̀.

4. Omi àti ìgbóná

Omi tó ń yí ẹ́ńjìnnì ká ń gbé ìgbóná lọ sínú rédíétọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ àti fáànù ti ń tù ú. Tàmósítáàtì ni ilẹ̀kùn kékeré tó wà lójú ọ̀nà omi náà: ó tì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ó sì ń ṣí nígbà tí omi bá gbóná dé nǹkan bí 82°C. Kúláǹtì ni oògùn olómi tí a ń pò mọ́ omi kí irin má baà dípẹtà, kí omi má sì tètè hó.

Ó wọ́pọ̀ kí wọ́n yọ tàmósítáàtì kúrò pátápátá nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbóná. Ó lè dà bíi pé ó ṣiṣẹ́, nítorí pé tàmósítáàtì tó ti kọ̀ láti ṣí ló fa ìgbóná yẹn nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí kò ní in kì í tètè gbóná dé ibi tó yẹ. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ yóò máa rò pé òwúrọ̀ ṣì ni, yóò máa fi epo kún epo, pẹtiróòlù tí kò jó tán yóò sì máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà. Tuntun ni kí a fi pààrọ̀ èyí tó bàjẹ́.

Omi ẹ̀rọ tàbí ti kànga nìkan kò tó, nítorí pé iyọ̀ àti ẹ̀fun inú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ihò tín-ín-rín inú rédíétọ̀, ó sì ń jẹ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ṣe ara ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE. Kúláǹtì àti omi tí a ti yọ iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò, ní ìdajì sí ìdajì, ni àpòpọ̀ tó wọ́pọ̀. Èyí tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀ pé a ti pò ó tán kò tún nílò omi. Àwọ̀ kúláǹtì kì í ṣe òdiwọ̀n irú rẹ̀, nítorí náà a kò gbọdọ̀ pa oríṣi méjì pọ̀ nítorí pé wọ́n jọra lójú. Májèlé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, adùn díẹ̀ sì wà lẹ́nu wọn, ewúrẹ́, ajá tàbí ọmọdé sì lè lá èyí tó bá dà sílẹ̀.

Òwúrọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti sùn tutù, ni a ń ṣí rédíétọ̀. Ìdérí rẹ̀ ń pa agbára mọ́ inú débi pé omi lè gbóná dé nǹkan bí 120°C kí ó tó hó. Bí a bá ṣí i nígbà yẹn, agbára náà yóò lọ lẹ́ẹ̀kan náà, omi yóò hó lójijì, yóò sì tú sókè sí ojú àti àyà ẹni tó ṣí i. Àkísà tí wọ́n fi ń bo ìdérí kò dí ewu yìí.

Bí abẹ́rẹ́ ìgbóná bá ń gòkè lójú ọ̀nà, kí awakọ̀ pa èéṣì, kí ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ibi tí kò léwu, kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó sì dúró ó kéré tán fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kò gbọdọ̀ bu omi tútù lu ẹ́ńjìnnì tó gbóná, nítorí pé irin òkè rẹ̀ lè wọ́, kí gásíkẹ́ẹ̀tì, awẹ́ pẹlẹbẹ tó ń dí àárín òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, sì jó.

5. Afẹ́fẹ́

Bí ẹ́ńjìnnì oní-lítà 1.8 bá ń yí ní 3,000 nígbà tí awakọ̀ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ tán, afẹ́fẹ́ tó ń fà lè tó lítà 2,700 ní ìṣẹ́jú kan, fílítà afẹ́fẹ́ nìkan ló sì wà láàrin rẹ̀ àti eruku ìta. Nígbà ọyẹ́, kò yẹ kí oṣù kan kọjá láìṣí àpótí rẹ̀ wò. Bébà ni èyí tó wọ́pọ̀ jù, a kì í fi omi tàbí pẹtiróòlù fọ̀ ọ́. A lè gbọ̀n ọ́n, tàbí kí a fẹ́ ẹ láti ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ẹ́ńjìnnì síta. Bí a bá gbé e sí oòrùn tí ìmọ́lẹ̀ kò gba inú rẹ̀ kọjá mọ́, ó ti tó pààrọ̀.

6. Pílọ́ọ̀gì àti bátìrì

Lórí 1ZZ-FE, kọ́ìlì, ohun tó ń fún pílọ́ọ̀gì ní iná, jókòó sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nọ́ọ̀tì 10 sì ni ó dì í mú. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá, a ó fẹ́ eruku kúrò nínú ihò kí a tó tú ohunkóhun, kí yanrìn má baà bọ́ sínú sílíńdà, a ó sì máa ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ni a ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí tuntun wọlé. Bí ó bá le láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ti wọlé wíwọ́, a ní láti tú u padà. Àlàfo ẹnu pílọ́ọ̀gì irídíọ̀mù tirẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1.1. Pílọ́ọ̀gì àtijọ́ tí ẹnu rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí tó rí bí eérú wá láti inú ẹ́ńjìnnì tó dára. Dúdú gbígbẹ túmọ̀ sí pé epo pọ̀ jù tàbí pé afẹ́fẹ́ kéré, dúdú tó rin fún ọ́ìlì sì túmọ̀ sí pé ọ́ìlì ti ń wọ sílíńdà.

Bátìrì tó kún wà ní nǹkan bí fóòtì 12.6 nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, ó sì yẹ kí ó wà láàrin 13.5 sí 14.5 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá gòkè, bátìrì tuntun kò ní yanjú ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀rọ tó ń fi iná sínú rẹ̀ ni kí rẹwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, yẹ̀ wò. Orí tó ní àmì ìyọkúrò ni a ń kọ́kọ́ tú, òun náà ni a sì ń dè gbẹ̀yìn.

7. Ibi tí iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ parí sí

Ọ́ìlì tó funfun, omi rédíétọ̀ tó ń dínkù láìsí ibi tó ń jò, èéfín aláwọ̀ búlúù, àti ìró bí ẹni ń kan ìlẹ̀kùn láti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì kò sí nínú iṣẹ́ ọgbà ilé. Ohun tí ọlọ́kọ̀ lè ṣe ni pé kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bóyá nígbà tútù tàbí gbígbóná, iye kìlómítà tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Mẹkáníìkì tó gbọ́ irú àlàyé bẹ́ẹ̀ kò ní láti máa pààrọ̀ ẹ̀yà kan tẹ̀ lé òmíràn láti wá ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Kókó orí yìí

Ọ́ìlì, omi àti afẹ́fẹ́ ni ọlọ́kọ̀ lè tọ́jú fúnra rẹ̀. Gééjì ni a ń fà lẹ́ẹ̀mejì kí a tó kà á. Ẹ́ńjìnnì tútù ni a ń ṣí rédíétọ̀ rẹ̀. Tàmósítáàtì tó bàjẹ́ ni a ń fi tuntun pààrọ̀. Ìwé ìlò ọkọ̀ ni òdiwọ̀n irú ọ́ìlì àti iye rẹ̀.

Ìdánrawò

1. Ṣàlàyé ìgbésẹ̀ mẹ́rin tí písítọ̀nù ń gbé, kí o sì sọ èyí tí pílọ́ọ̀gì ń ṣiṣẹ́ ní ìparí rẹ̀.

2. Kí ni ìdí tí kò fi yẹ kí a gbára lé ohun tí gééjì fi hàn nígbà àkọ́kọ́ tí a fà á yọ?

3. Ẹnìkan da gálọ́ọ̀nù lítà 4 tán sínú ẹ́ńjìnnì tó ń gba lítà 3.7. Mélòó ni ó fi lé? Ṣàlàyé ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ọ́ìlì náà, kí o sì sọ bí a ṣe lè ṣe àtúnṣe rẹ̀.

4. Ọkọ̀ kan ń rin kìlómítà 35 lóòjọ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Bí gbèdéke pípààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ bá jẹ́ kìlómítà 5,000, ọ̀sẹ̀ mélòó ni yóò tó kí ó tó pé?

5. Mẹkáníìkì kan yọ tàmósítáàtì ọkọ̀ kan, ọkọ̀ náà kò sì gbóná mọ́, ṣùgbọ́n epo rẹ̀ ń tètè tán. Lo ìpín 4 láti ṣàlàyé ohun méjèèjì.

6. Iṣẹ́ ọwọ́: lábẹ́ àbójútó olùkọ́, yẹ ọ́ìlì, omi àti fílítà afẹ́fẹ́ ọkọ̀ mẹ́ta tí ẹ́ńjìnnì wọn ti tutù wò. Ya tábìlì kan tó fi orúkọ ọkọ̀, ọdún tí wọ́n ṣe é, ibi tí ọ́ìlì dé lórí gééjì, àwọ̀ rẹ̀ àti ìdájọ́ rẹ hàn, kí o sì fi nọ́ńbà ọ́ìlì tí ìwé ìlò ọ̀kọ̀ọ̀kan béèrè wé èyí tí ẹni tó ni ọkọ̀ sọ pé òun ń lò.